Láti Inú Aṣọ Mọ́ńkì Búdà Dé Ilé Àwọn Bródà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Fún Àwọn Tí Ọ̀rọ̀ Ìpè Wà Ní Ìkáwọ́ Wọn

Orílẹ̀-èdè Tháílándì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀: ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́sìn Búdà kan di Kátólíìkì, ó sì fẹ́ di bródà, ìyẹn ọkùnrin tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run láì di Fadá. Níbẹ̀, ènìyàn tí ó lé ní 90 nínú 100 ni ó ń ṣe ẹ̀sìn Búdà, àwọn ọmọ Ìjọ Kátólíìkì kò sì pé ẹnì kan nínú 100, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1662 ni àwọn míṣọ́nnárì Faransé ti gúnlẹ̀ sí Ayutthaya, tí í ṣe olú-ìlú wọn nígbà náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbà kí a kọ ọ́, ṣùgbọ́n a ti fi orúkọ rẹ̀, abúlé rẹ̀ àti orúkọ ilé ẹ̀sìn tí ó wọ̀ pamọ́. Mo fẹ́ kí àwọn katikísì, àwọn Fadá àti àwọn Sístà ilẹ̀ wa kà á dáadáa, nítorí pé ọmọ ilé Mùsùlùmí àti ọmọ ilé babaláwo náà máa ń gbé irú ìbéèrè kan náà wá bá wa, a sì sábà máa ń kánjú dá wọn lóhùn.

Àkọ́bí ni ọ̀dọ́kùnrin náà, ọmọ àgbẹ̀ onírẹsì ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ó pé ọmọ 20 ọdún, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀ máa ń ṣe kí wọ́n tó gbéyàwó: ó di mọ́ńkì fún oṣù mẹ́ta ìgbà òjò. Wọ́n fá irun orí rẹ̀ àti irun òkè ojú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀ láti tọrọ àforíjì gbogbo ohun tí ó ti ṣẹ̀ wọ́n láti kékeré, lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé aṣọ aláwọ̀ ọsàn náà lé e lọ́wọ́. Fún oṣù mẹ́ta ó pa òfin 227 tí ó de mọ́ńkì mọ́. Kì í jẹun lẹ́yìn ọ̀sán gangan. Ní ìdájí, yóò gbé abọ́ rẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ lásán rin abúlé já, àwọn ará abúlé a sì máa bu ìrẹsì sínú abọ́ náà.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe èyí ni kí a mọ̀ kí a tó lè lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ mọ́ńkì ilẹ̀ náà kì í gba obìnrin sí ipò mọ́ńkì, nítorí náà ipasẹ̀ ọmọkùnrin ni ìyá fi ń rí láádá tí ó tóbi jù gbà, àwọn àgbà a sì máa sọ pé etí aṣọ ọmọ rẹ̀ ni ìyá yóò dì mú tí yóò fi gòkè dé ọ̀run. Nígbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà bọ́ aṣọ, ó padà sílé, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí ìtìjú, nítorí pé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí ó bá di mọ́ńkì lè jáde nígbà tí ó bá wù ú, ó sì tún lè padà. Kí òǹkàwé fi nǹkan méjèèjì yìí sọ́kàn: gbèsè ìyá tí ọmọ fi ara rẹ̀ san, àti ilẹ̀kùn tí kì í tì pa. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbádùn oṣù mẹ́ta náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́ dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Ó wá iṣẹ́ lọ sí Bangkok, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́, èyí tí àwọn bródà Kátólíìkì ń bójú tó. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń bú ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wẹ̀ ẹ́, tí ó sì máa ń fi ẹsẹ̀ ta omi dànù. Bródà kan tí òun náà ti ń dàgbà ni ó ń wẹ̀ ẹ́ ní àràárọ̀, yóò sì nu àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń nu abọ́ tánganran ilé ọba. Ọ̀dọ́kùnrin náà bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni láádá tí ẹ ń rí lórí iṣẹ́ yìí ti pọ̀ tó?" Bródà náà ní òun kì í kà á, pé wọ́n ti san owó òun fún òun kí òun tó dé ibi iṣẹ́. Èsì yìí kò yé ọ̀dọ́kùnrin náà rárá, ó sì ní àìyé yẹn gan-an ni ó gbé òun dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi ni nǹkan kọ́kọ́ fẹ́ bàjẹ́. Onítara ni katikísì tí ń kọ́ ọ. Ó sọ fún un pé ẹnì kan kò lè sin olúwa méjì, ó ní kí ó bọ́ ère Búdà kékeré tí ó so mọ́ ọrùn, kí ó sì lọ kó ère tí ó wà lórí pẹpẹ ilé wọn dànù kí ẹ̀kọ́ tó tẹ̀síwájú. Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí abúlé, ó gbé ère náà kúrò lórí pẹpẹ níṣojú ìyá rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilé. Ìyá kò jà. Ó jáde lọ gbé e, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu erùpẹ̀ ojú rẹ̀, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Bàbá ni ó sọ̀rọ̀: ó ní ẹ̀sìn Faransé ti ba ọmọ òun jẹ́.

Ẹni tí kò mọ ìtàn agbègbè náà lè rò pé èébú lásán ni. Ní ọdún 1940, nígbà tí ìjà ààlà dé láàárín Tháílándì àti àwọn Faransé tí ń ṣàkóso Indochina (àwọn ilẹ̀ bí Laos àti Vietnam), àwọn aláṣẹ ka àwọn Kátólíìkì etí odò Mekong sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ọ̀tá. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ọlọ́pàá pa katikísì kan, Sístà méjì àti obìnrin mẹ́rin mìíràn láti abúlé Songkhon, tí àwọn kan nínú wọn kéré lọ́jọ́ orí, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti sẹ́ ìgbàgbọ́ wọn. Póòpù John Paul Kejì kéde àwọn méjèèje ní alábùkún-fún, ipò tí ó ṣáájú ti ẹni mímọ́, ní ọdún 1989. Ohun tí bàbá yìí sọ, ẹnu bàbá tirẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí Fadá ìjọ náà gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó pàṣẹ nǹkan méjì. Ó ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà padà sílé, kí ó mú òdòdó àti àbẹ́là dání gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, kí ó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó sì sún ìrìbọmi rẹ̀ síwájú di ọdún kejì. Katikísì bínú, ó ka ìsúnsíwájú náà sí ìbẹ̀rù ènìyàn. Ní tèmi, kò sí ìpinnu tí ó dára tó èyí nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí látòkè délẹ̀. Ère tí ó wà nílé, ti ìyá ni, kì í ṣe ti ọmọ. Kò sì sí ibì kankan nínú ètò ìrìbọmi àgbàlagbà tí Ìjọ ti sọ pé kí ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ fọ́ ohun ìní ẹlòmíràn. Ìwé Nostra Aetate, tí Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé àwọn bísọ́ọ̀bù Kátólíìkì àgbáyé, gbé jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, dárúkọ ẹ̀sìn Búdà, ó sì sọ pé Ìjọ kò kọ ohunkóhun tí ó jẹ́ òtítọ́ àti mímọ́ nínú irú àwọn ẹ̀sìn bẹ́ẹ̀. (Àwọn tí wọ́n ń fi ìwé náà sọ pé kò sí ìdí láti wàásù Kristi mọ́ kò ka ìpínrọ̀ náà dé ìparí, níbi tí ó ti sọ pé Ìjọ gbọ́dọ̀ máa kéde Kristi.)

Ọdún tí wọ́n fi kún un náà ni ẹ̀kọ́ tó wọ̀ ọ́ lára. Ó ti mọ̀ láti kékeré pé ayé yìí kò dúró sójú kan, pé ìfẹ́ ọkàn ni ó ń fa ìyà, pé ẹni tó bá fẹ́ sinmi gbọ́dọ̀ tú ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò yọ ọ́ lẹ́nu nínú Ìhìnrere, àfi pé ó ń retí kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ohun tí ó ṣòro fún un ni Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tí a sì lè dá lóhùn. Ó lè jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan láì mira. Nígbà tí Fadá bá bi í pé ta ni ó bá sọ̀rọ̀ nínú wákàtí náà, yóò ní kò sí ẹnì kan, ọkàn òun kàn tòrò ni. Fadá kò ní kí ó má jókòó mọ́. Ó fún un ní ìwé Sáàmù, ó sì ní kí ó máa kà á sókè kí ó tó jókòó, pàápàá jù lọ Sáàmù 13, níbi tí onísáàmù ti ń bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó tí yóò fi gbàgbé òun. Ojú kọ́kọ́ ti ọ̀dọ́kùnrin náà láti ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè, nítorí ní ibi tí ó ti wá, àbùkù ni fún ẹni tí ń ṣe àṣàrò láti máa ráhùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ó sọ fún Fadá pé òun ti ń bínú sí Ọlọ́run, Fadá sì mọ̀ pé àdúrà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó gba ìrìbọmi ní alẹ́ Ajíǹde. Kí àádọ́ta ọjọ́ Ajíǹde tó pé, ó ti wá sọ pé òun fẹ́ wọ ilé ẹ̀sìn.

Ìwé 1 Tímótì 3:6 kọ̀ kí a fi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ ṣe alábòójútó, òfin Ìjọ náà sì sọ ní kánọ̀nù 1042 pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìrìbọmi kò lè gba oyè àlùfáà àyàfi tí bísọ́ọ̀bù bá rí i pé a ti dán an wò tó. Bródà ni ọ̀dọ́kùnrin yìí fẹ́ jẹ́, nítorí náà kánọ̀nù yẹn kò dè é ní tààrà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ ni Fadá tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìpè, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n gbà pé Ọlọ́run ń pè wọ́n sí iṣẹ́ ẹ̀sìn, fi bá a lò. Ibi tí ó kọ́kọ́ fẹ́ lọ ni ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí kì í jáde, tí wọ́n máa ń dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́. Wọ́n gbà á lálejò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó ń jí kí agogo tó lù, àwọn àgbà ilé náà sì yìn ín. Olùdarí rẹ̀, ìyẹn Fadá tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìpè náà, kò bá wọn yìn ín. Ó ti ka lẹ́tà tí ọmọ náà kọ sí òun láti ibẹ̀, ó sì rí i pé ìdákẹ́jẹ́ ni ó wà nínú gbogbo rẹ̀, oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, òwúrọ̀ kùtùkùtù, ọkàn tí ó tòrò. Kò dárúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́ta òjò yẹn ni ó ń wá kiri. Olùdarí náà kò sọ pé kò ní ìpè, ó kàn ní kí ó padà sí ilé àwọn arúgbó, kí ó máa wẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sì jọ wò ó bóyá ìfẹ́ ilé ẹ̀sìn náà yóò tẹ̀ lé e dé ibẹ̀.

Ẹnu èyí ni wọ́n wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Ní ilẹ̀ náà, bí òbí bá kú, wọn a gbé òkú sí tẹ́ḿpìlì fún ìwọ̀n ọjọ́ mélòó kan, mọ́ńkì mẹ́rin a sì máa wá ké ẹsẹ̀ ìwé mímọ́ wọn ní alaalẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò sun òkú, ọmọkùnrin tàbí ọmọ-ọmọ yóò fá orí, yóò di mọ́ńkì kékeré fún ọjọ́ kan ṣoṣo níwájú iná, kí láádá rẹ̀ lè bá òkú lọ. Àkọ́bí ni gbogbo ojú ń wò. Àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ wá bá a, wọn kò sì lé e bí ọ̀tá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni. Wọ́n ní ọjọ́ kan péré ni, pé kí ó bọ́ aṣọ náà ní ìrọ̀lẹ́, kí ó máa bá Jésù rẹ̀ lọ.

Ó pe olùdarí rẹ̀ lórí fóònù. Ìbéèrè kan ni olùdarí náà bi í: nígbà tí ó bá kúnlẹ̀ tí ó sì sọ pé òun sá di Búdà, òun sá di ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun sá di ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣé yóò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìrìbọmi rẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò parọ́ fún, ṣé àwọn mọ́ńkì ni tàbí bàbá rẹ̀ tí ó wà nínú pósí? Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì bá tí ronú kàn. Ó ní kí ó gbé ìbéèrè náà tọ mọ́ńkì àgbà tí ó fi í ṣe mọ́ńkì nígbà tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún.

Mọ́ńkì àgbà náà tẹ́tí sí i títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ ìsádi náà pẹ̀lú òtítọ́ kò gbọdọ̀ sọ ọ́, pé láádá kì í ti inú irọ́ jáde, òun kò sì ní fá orí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò bàbá, tí ó sì ṣàlàyé fún wọn. Ọmọkùnrin tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bí, tí kò tíì pé ọdún 12, ni wọ́n fá orí fún.

Gbogbo ohun tí kò ta ko ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin náà ṣe. Ó jókòó ní gbogbo alẹ́ tí wọ́n fi ń ké ẹsẹ̀, ó gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò, òun ni ó gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé pósí yí ilé ìsunkú po lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi láti inú ìkòkò kékeré sínú abọ́, èyí tí wọ́n fi ń fi láádá ránṣẹ́ sí òkú, tí àwọn ẹbí sì na ọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè bá a pín níbẹ̀, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé orúnkún. Ìyá rí i. Ó dákẹ́ sí i fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Mo ti bá àwọn kan jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ yìí. Àwọn kan ní ó le jù, pé fífi ọwọ́ kan ìyá ẹni níbi òkú kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Mo gbà pé olùdarí mìíràn ì bá gbà á láyè, kò sì ní jẹ̀bi. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó pinnu rẹ̀, kò ṣe é láti fi han ẹnikẹ́ni, ó sì fara da ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde láì di ẹ̀bi ru ìyá rẹ̀.

Ohun tí ó tún àárín ìyá àti ọmọ ṣe kò wá láti ibi tí wọ́n ń wò. Nígbà tí ó ń kọ fọ́ọ̀mù láti wọ ilé àwọn bródà tí ó ń bá ṣiṣẹ́, ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè gbèsè, ó sì kọ òtítọ́ síbẹ̀ pé òun ṣe onídùúró fún owó tí bàbá òun yá láti fi dá oko, pé bàbá kò san án tán kí ó tó kú. Kánọ̀nù 644 kò gba kí a mú ẹni tí ó ní gbèsè tí kò lè san wọ ilé nófísì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ tí wọ́n sì ń dán ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀sìn wò. Wọ́n dá a dúró. Ó banú jẹ́ gidigidi, ó sì bi olùdarí rẹ̀ pé ṣé ilé ẹ̀sìn ọlọ́rọ̀ kò lè san owó kékeré bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lè san án, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé náà kọ̀, mo sì rò pé ó ṣe ohun tí ó tọ́: bí ilé ẹ̀sìn bá san gbèsè ọmọ kí ó tó wọlé, yóò ṣòro fún un láti sọ pé òun kò ṣe mọ́ bí ó bá rí i pé ìpè náà kì í ṣe tòun.

Ó padà sí abúlé. Ó gbin ìrẹsì ní ìgbà òjò, ó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní ìgbà ẹ̀rùn, ó sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mísà ní ọjọ́ Àìkú níbi tí ó jìnnà. Lé ní ọdún méjì ni ó fi san gbèsè náà. Láàárín àkókò yẹn ìyá rẹ̀ rí ohun tí kò tíì rí tẹ́lẹ̀. Èrò rẹ̀ látẹ̀yìnwá ni pé ẹ̀sìn tuntun yìí ni ọmọ òun fi ń sá fún ẹrù ilé. Ọmọ náà sì nìyí, ó ń ru ú. Ní oṣù Kọkànlá, tí àwọn Kátólíìkì fi ń gbàdúrà fún àwọn òkú, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti ní kí wọ́n ṣe Mísà fún bàbá. Ìyá dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ṣé ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó béèrè ohunkóhun nípa ìgbàgbọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà dáhùn pé, "Ìyá, a máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dé."

Lẹ́yìn tí gbèsè tán ni wọ́n gbà á wọlé. Ó lo oṣù 12 ní nófísì bí òfin ti wí, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ onígbà díẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá síbi ayẹyẹ náà nínú aṣọ funfun tí ó máa ń wọ̀ lọ sí tẹ́ḿpìlì. Ẹlẹ́sìn Búdà ni títí di òní. Nígbà tí ayẹyẹ parí, ó bi ọ̀gá ilé náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìgbà wo ni ọmọ òun yóò jáde. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè tí ó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ ti bi ọmọ náà nìyẹn. Ẹni tí ó ti bọ́ aṣọ mọ́ńkì rí tí ayé sì yìn ín kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ẹ̀jẹ́ títí ayé jẹ́. Wọ́n ti wá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ọdún ẹ̀jẹ́ onígbà díẹ̀ rẹ̀. Òfin gbà kí ọdún náà jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́fà, kí wọ́n sì fi kún un títí dé mẹ́sàn-án bí ó bá yẹ. Olùdarí rẹ̀ kò sì kánjú.

Láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí ó ti inú ẹ̀sìn mìíràn wá ohun tí ó fẹ́ràn jù níbẹ̀, kí wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. A mọ bí a ti ń béèrè ohun tí ó kọ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ràn ni ó máa ń tẹ̀ lé e wọlé láì jẹ́ pé òun alára mọ̀, ìbáà jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ tẹ́ḿpìlì, ìbáà jẹ́ ọlá tí wọ́n ń fún ọmọ áfáà. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n má bẹ̀rù àgbà ẹ̀sìn tí ọmọ náà ti wá. Mọ́ńkì àgbà yẹn kò di Kristẹni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ọmọ náà lọ́wọ́ irọ́ ní ọjọ́ tí kò sí Fadá kankan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wọ etí àwọn ẹbí. Ní ti gbèsè àti ojúṣe nínú ẹbí, ilé àwọn bródà náà ti yí fọ́ọ̀mù wọn padà: ìbéèrè nípa onídùúró, nípa ta ni yóò tọ́jú ìyá, nípa ohun tí ẹbí ń retí lọ́wọ́ ọmọ bí òbí bá kú, tí ó wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ojú ewé kìíní ni ó wà báyìí, olùdarí ni ó sì ń bi wọ́n lẹ́nu, nínú ilé òbí ọmọ náà bí wọ́n bá gbà á láyè.